Ohun Tí Urai Fi Sínú Àpò Ọmọ Rẹ̀

Bí Urai bá ti da àlùbọ́sà sínú epo gbígbóná báyìí, Rattiya ọmọ rẹ̀ á ti dìde, á ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Láti ìdí ààrò ni ìyá náà á ti máa gbọ́ bó ṣe ń bì, títí tí kò fi ní sí nǹkan kan nínú tó ń bì mọ́ ju omi lásán lọ. Oyún àkọ́kọ́ ni, kò sì tíì ju oṣù mẹ́ta lọ.

Ilé ọkọ ni Rattiya ti wá. Òun àti Wichit ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ kan ní Alor Setar, ní ilẹ̀ Màléṣíà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ gúúsù Thailand ti ń se ọbẹ̀ ilẹ̀ wọn tà. Nígbà tí èébì ò jẹ́ kó lè dúró nídìí iná mọ́, ọ̀gá wọn ní kó lọ sinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Abúlé Urai ò jìnnà sí ẹnubodè Sadao, níbi tí Thailand ti bá Màléṣíà pààlà. Téèyàn bá dúró láàárín igi rọ́bà rẹ̀ láàárọ̀, á máa gbọ́ ìró àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń tò lọ sí òdìkejì.

Opó ni Urai. Rattiya nìkan ló bí tó yè. Bí ọmọ náà bá ti ń bì, ṣe ló máa ń dà bíi pé inú òun ìyá gan-an ló ti ń jáde.

"Ìyá Rattiya, ṣé o fẹ́ kí ọmọ yìí bi ìfun ẹ̀ síta ni?" Chaluai ló sọ bẹ́ẹ̀, aládùúgbò tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Urai. Ó ti jókòó sórí pẹpẹ ọparun tó wà lábẹ́ òrùlé, ó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara rẹ̀.

"Kí ni kí n ṣe? Mo ti fún un ní atalẹ̀. Mo ti fún un ní ọsàn wẹ́wẹ́."

"Atalẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ ẹ̀ gbà. Ewé igbó tí wọ́n ń fà yẹn ni kó o fún un."

Urai yára wo ojú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ẹni tó bá la ẹnu sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò.

"Kí lò ń wò?" ni Chaluai fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìjọba ti tú u sílẹ̀. Ojú títì ni wọ́n ti ń tà á báyìí. Ṣé o ò rí igi tèmi lẹ́bàá kòtò omi ni? Ó ti ga jù ẹ́ lọ. Ìyẹn ò kúkú ṣòro, o ò ga tẹ́lẹ̀."

"Aláboyún ńkọ́?"

"Màmá màmá mi máa ń fi ewé ẹ̀ se adìẹ. Ó bí mẹ́sàn-án. Èwo nínú wọn lorí ẹ̀ dàrú, yàtọ̀ sí àbúrò màmá mi yẹn?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Urai fi ewé náà ṣe tíì. Rattiya mu ún, ó fajú ro nítorí kíkorò rẹ̀, ó sì sùn. Nígbà tó jí, ó jẹ ìrẹsì àti ẹja díndín, kò sì bì. Urai jókòó, ó ń wo ẹnu ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń jẹun. Ó ti pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ bọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ àyẹ̀wò aláboyún tó pé. Àwọn méjèèjì jọ gun alùpùpù lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò. Nọ́ọ̀sì Phikun ló dá wọn lóhùn, obìnrin tó ti pẹ́ níbẹ̀, tó mọ orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ní àgbègbè náà.

"Kí lò ń lò fún èébì?" ni Phikun bi Rattiya.

Rattiya wo ìyá rẹ̀. "Tíì ewé igbó, Nọ́ọ̀sì."

Phikun gbé bírò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Urai ti múra de èébú, ṣùgbọ́n Phikun ò bú wọn. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ wọn.

"Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dáadáa. Ohunkóhun tó o bá mu, inú ẹ̀jẹ̀ ẹ ló ń lọ, ibẹ̀ ló sì ń gbà dé ara ọmọ. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń lo igbó nígbà tó wà nínú lè kéré jù nígbà tí wọ́n bá bí i, ó sì lè wá kí oṣù ẹ̀ tó pé. Kì í ṣe gbogbo wọn ló máa ń rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n tí kò léwu. Torí ẹ̀ la ṣe ń ní kí aláboyún jáwọ́ pátápátá, bóyá ó ń fà á ni, bóyá ó ń mu ún ni, bóyá inú súìtì ló ti ń jẹ ẹ́."

"Ewé ṣáà ni, Nọ́ọ̀sì," ni Urai wí. "Kì í ṣe kẹ́míkà."

"Ewé ni tábà náà, Màmá."

"Ìjọba ní kò burú."

"Ìjọba ò sọ pé kò burú. Ìjọba ní àwọn ò ní tìtorí ẹ̀ ju èèyàn sẹ́wọ̀n mọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Òfin yẹn kan náà ní wọn ò gbọdọ̀ tà á fún aláboyún, wọn ò gbọdọ̀ tà á fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú tàbí ẹni tí kò tíì pé ogún ọdún. Ẹni tó ń sọ pé ìjọba tú u sílẹ̀ kì í sábà rántí ibẹ̀ yẹn."

"Àmọ́ mo gbọ́ pé àwọn dókítà pàápàá ń lò ó."

"Wọ́n ń lò ó. Wọ́n ń fún alárùn jẹjẹrẹ tí oògùn rẹ̀ ń mú un bì, wọ́n ń fún ọmọ tí wárápá ẹ̀ ò gbọ́ oògùn míì. Ìyẹn, oògùn tí wọ́n yọ jáde tí wọ́n wọ̀n ni, wọ́n mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ta ló mọ bí ewé ẹ̀bá kòtò ṣe le tó? Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbé wá bá mi níbí, tí wọ́n ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, tí wọ́n ń sọ pé ìyá àwọn fi májèlé sóúnjẹ, ewé yẹn náà ni púpọ̀ nínú wọn ń fà. Àwọn míì ti fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun gan-an ló tún wá ń fa èébì tí kò dáwọ́ dúró fún wọn. Àwọn kan fẹ́ jáwọ́, wọn ò rí i ṣe."

Rattiya ti gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. "Mo ti jáwọ́, Nọ́ọ̀sì," ni ó sọ. "Láti òní."

Phikun fún un ní oògùn oníhóró kan fún èébì, ó ní kó máa jẹun díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí inú rẹ̀ ṣófo, ó sì ní tí omi pàápàá ò bá dúró nínú rẹ̀, kó tètè padà wá. Kò sẹ́ni tó bèèrè nípa ẹnubodè. Phikun náà ò sọ ọ́. Kí ló fẹ́ mú un wá sí i lọ́kàn, nígbà tí ọmọ náà ti lóun jáwọ́?

Bí wọ́n ṣe délé, Rattiya kó ìyókù ewé náà dà sí ihò ìdọ̀tí. "Màmá, ẹ má jẹ́ kí Àǹtí Chaluai tún gbé e wá mọ́ o."

"Mo gbọ́," ni Urai wí.

Oògùn náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ tán. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Rattiya fẹ́ padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ó tún bì. Urai rí i bó ṣe di igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ mú, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọkàn rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná Alor Setar, níbi tí ooru pọ̀ sí, tí kò sí ìyá níbẹ̀ tó máa pọn omi fún un. Ó ronú pé Phikun mọ ìwé, àmọ́ Phikun ò bí Rattiya.

Ó kọjá sódìkejì ọ̀nà lọ bá Chaluai.

"Bù ú fún mi díẹ̀, kó mú un lọ. Tí kò bá nílò ẹ̀, á dà á nù."

Chaluai kì í ṣe ahun. Òdòdó gbígbẹ ló kó fún un, ó kún ọ̀rá. "Òdòdó ẹ̀ nìyí, ó lágbára ju ewé lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa bù ú." Ó pọ̀ ju ohun tí Urai fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ojú ń ti í láti dá oore padà.

Ó fi ọ̀rá míì wé e, ó tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ ike, ó wá fi edé gígún bò ó mọ́lẹ̀ kó má baà rùn síta. Ọ̀rọ̀ aṣọ́bodè ò wá sí i lọ́kàn rárá. Ojú ọmọ rẹ̀ ló ń fi nǹkan náà pa mọ́ fún. Ohun tó rò ni pé, tí Rattiya bá débẹ̀ tó rí i, á bínú díẹ̀. Lọ́jọ́ tí èébì bá tún dé, á dúpẹ́.

"Kí lẹ tún dì fún mi, Màmá? Àpò yìí ti wúwo jù."

"Edé lásán ni. Wichit fẹ́ràn ẹ̀."

"Wichit, Wichit. Ẹ ò kúkú bí mi, òun lẹ bí," ni Rattiya fi dáhùn. Ó gbé àpò náà, ó sì wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí ẹnubodè.

Urai ń da oje rọ́bà jọ sínú garawa lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Wichit ni. Ó ti lọ dúró de ìyàwó rẹ̀ ní ìhà Màléṣíà.

"Màmá," ni Wichit wí. "Màmá, kí lẹ fi sínú ike edé?"

Urai gbé garawa kalẹ̀.

"Ajá wọn dúró ti àpò ẹ̀, kò kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní kó ṣí i. Ó ṣí i fúnra ẹ̀, Màmá. Ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ fún wọn pé edé ló ń rùn. Wọ́n ti mú un wọlé. Wọn ò jẹ́ kí n sún mọ́ ọn."

Chaluai ni Urai kọ́kọ́ sáré lọ bá. Chaluai gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Má dárúkọ mi," ló sọ. "Jọ̀ọ́, Ìyá Rattiya. Mo lọ́mọ." Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Urai nìkan ló kọjá sí òdìkejì. Ó bá ọ̀gá kan níbẹ̀ tó gbọ́ èdè Thai, ọkùnrin àgbàlagbà tí irun rẹ̀ ti funfun. Ó kúnlẹ̀ fún un.

"Èmi ni mo fi í sí i. Ọmọ mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ẹ mú mi, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀, ó lóyún."

"Ẹ dìde, Ìyá." Ọkùnrin náà fà á dìde jẹ́jẹ́. "A máa kọ ohun tẹ́ ẹ sọ sílẹ̀. Àmọ́ nílẹ̀ wa níbí, ẹni tá a bá bá ẹrù lọ́wọ́ ẹ̀ lòfin ń mú. Tí gbogbo ìyá tó wá síbí bá ní òun lòun ni ín, ṣé ẹ rí i pé a ò ní rẹ́nì kan mú mọ́?"

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ wa."

"Ibí kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín, Ìyá."

Nígbà tó yá, lọ́yà tí ilé ẹjọ́ fún Rattiya wá bá Urai àti Wichit sọ̀rọ̀. Obìnrin ni, kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Wichit ló ń túmọ̀ ohun tó ń sọ. Ó ní òfin Màléṣíà ka igbó sí oògùn olóró, yálà díẹ̀ ni tàbí púpọ̀. Tó bá pọ̀ dé ìwọ̀n kan, wọ́n á kà á sí pé títà lẹni náà fẹ́ tà á, ìyẹn sì lè di ẹ̀wọ̀n ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tiẹ̀ lè di okùn ọrùn. Orí ló yọ Rattiya tí tirẹ̀ ò tó ìwọ̀n yẹn. Ṣùgbọ́n ó ti kọjá ìwọ̀n tí wọ́n á fi ní kó máa lọ sílé.

"Kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀," ni Urai tún sọ. Ó ti sọ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ.

"Mo gbà yín gbọ́," ni lọ́yà wí. "Adájọ́ ni kò ní gbà yín gbọ́. Wọ́n fi í pa mọ́ sábẹ́ edé, bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Wọ́n sì ti yẹ ìtọ̀ ọmọ yín wò. Wọ́n rí igbó nínú ẹ̀."

"Ó ti jáwọ́. Nọ́ọ̀sì lè jẹ́rìí."

"Kì í tètè tán lára. Ẹni tó mu ún ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ṣì lè ní in nínú ìtọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ẹni tí ewé yìí wà lára ẹ̀ ò mọ̀ pé ó wà nínú àpò òun, ta ló máa gbà á?"

Wichit ò túmọ̀ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kíá. Ó kọ́kọ́ wo ìyá ìyàwó rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Lọ́yà gbà wọ́n níyànjú pé kí Rattiya gbà pé òun jẹ̀bi, torí tó bá jiyàn tí ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi, ìyà náà lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rattiya dìde ní kóòtù pẹ̀lú ikùn ńlá, ó sì gba ẹ̀bi ohun tí kò ṣe. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà ni wọ́n dá fún un. Urai ò gbọ́ èdè tí adájọ́ fi sọ ọ́. Èjìká Wichit tó rọ̀ wọlẹ̀ ló fi mọ̀.

Nígbà tí wọ́n gbà á láyè láti rí ọmọ rẹ̀, gíláàsì ló wà láàárín wọn, fóònù ni wọ́n sì fi ń sọ̀rọ̀. Rattiya ti rù. Ìyá náà sunkún, ó ní kó dárí ji òun, ó ní ìfẹ́ ló mú òun ṣe é.

"Mo mọ̀," ni Rattiya dáhùn. "Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ká ní ọ̀tá ni, ǹ bá rí ẹni bínú sí. Ẹ ò bi mí léèrè, Màmá. Ẹ kàn lè bi mí. Ká ní ẹ bi mí ni, ǹ bá sọ pé rárá."



Oṣù ọmọ náà ò tíì pé tí wọ́n fi bí i. Obìnrin ni. Ó kéré débi pé inú ẹ̀rọ amúnimóoru ni wọ́n tẹ́ ẹ sí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì wà ní ọwọ́ ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń mú un lọ wò ó. Mali ni wọ́n sọ ọ́.

Urai lọ bá Nọ́ọ̀sì Phikun. Kò tiẹ̀ jókòó. "Ṣé tíì yẹn ni, Nọ́ọ̀sì? Ṣé òun ló jẹ́ kó kéré?"

Phikun ronú kó tó dáhùn. "Mi ò mọ̀, Màmá. Ó lè jẹ́ òun. Ó lè jẹ́ ìrònú, ó lè jẹ́ oúnjẹ ibẹ̀, ó sì lè jẹ́ kò sí nǹkan tó fà á rárá. Kò sẹ́ni tó máa lè sọ fún yín láé."

Urai ì bá fẹ́ kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kódà, "bẹ́ẹ̀ ni" ì bá sàn ju àìmọ̀ lọ.

Lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Mali ti kọ́ ìrìn àti ọ̀rọ̀ sísọ. Nígbà tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí òfin ò gbà kó wà níbẹ̀ mọ́, Urai àti Wichit jọ lọ gbà á. Urai ti ra aṣọ fún un, ó ti tẹ́ ẹní tuntun sí yàrá tí Rattiya ń sùn. Obìnrin wọ́dà kan fa ọmọ náà jáde. Ó ń wẹ̀yìn, ó ń pe ìyá rẹ̀, ó ń bẹ̀ pé òun ò ní ṣe é mọ́, bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ló ṣẹ̀ tí wọ́n fi ń lé e.

Urai na ọwọ́ sí i. Wichit ti gbé e kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Phatthalung ló ń lọ," ni Wichit wí. Láti ọjọ́ kóòtù kò pe Urai ní Màmá mọ́. "Ẹ má bínú. Rattiya ní kí n gbé e fún yín. Èmi ni ọkàn mi ò gbé e."

Urai ò jà. Ó ní kó jẹ́ kí òun gbé e díẹ̀. Wichit gbé e lé e lọ́wọ́, ọmọ náà sì ń jà láti bọ́, títí tó fi dá a padà fún bàbá rẹ̀. Aṣọ tó rà ṣì wà nínú ọ̀rá nígbà tó délé.

Ní báyìí, ní gbogbo ọjọ́ àyẹ̀wò aláboyún, Urai máa ń wá sí ilé ìwòsàn kékeré náà. Phikun ló ní kó máa wá. Á dúró níwájú àwọn obìnrin, á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà kan, ọ̀dọ́bìnrin kan bi í bóyá ìtàn náà ń mú kí ọkàn rẹ̀ fúyẹ́.

"Rárá," ni ó dáhùn. "Kò mú un fúyẹ́ rí. Ẹ ṣáà máa gbọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí náà, ẹ gbọ́. Tí aláboyún tàbí ìyá ọlọ́mọ ọmú bá bi yín bóyá òun lè lo igbó, ẹ sọ fún un pé kó má lò ó, ẹ sì mú un lọ bá nọ́ọ̀sì, torí oògùn tí kò léwu wà fún èébì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀dọ́ tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń dàgbà fọwọ́ kàn án. Tí ẹnì kan bá ti ń lò ó tí kò lè jáwọ́, tàbí tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, ẹ má fi í pa mọ́ sílé nítorí ìtìjú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ìjọba ilẹ̀ kan tú u sílẹ̀, ẹ má rò pé wọ́n ní kò léwu ni. Òfin ilẹ̀ kan sì máa ń parí sí ẹnubodè rẹ̀. Thailand fúnra rẹ̀ ti tún òfin tirẹ̀ ṣe láti ìgbà náà, ìwé dókítà ni wọ́n ń béèrè báyìí kí wọ́n tó ta òdòdó rẹ̀ féèyàn. Nítorí náà, ẹ bèèrè ohun tí òfin wí lónìí, níbi tí ẹ wà àti níbi tí ẹ ń lọ. Ẹ má gbé e kọjá ẹnubodè kankan, ì báà jẹ́ ewé, ì báà jẹ́ òróró tàbí súìtì. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù tí ẹ ò tú wò, àní tó bá jẹ́ ìyá yín ló dì í.

Tí ẹnì kan tí ẹ fẹ́ràn bá sì ń lọ sírìn àjò, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó fi ohunkóhun sínú àpò rẹ̀. Tó bá ní òun ò fẹ́, ẹ mú un jáde.